Ọmọdé Ò Moògùn: Àgbà Tó Mọ̀ Ńkọ́?

Ìyàwó sójà kan ń ṣàròyé fún àwa tá a lọ kí i. Borno ni ọkọ rẹ̀ wà, ọmọkùnrin wọn tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin kò sì yé béèrè bàbá rẹ̀. Kó tó sọ̀rọ̀ tán ni ìyá àgbà kan ti gbà á lẹ́nu rẹ̀: "Ìyá Ayọ̀, sọ fún un pé Èkó ni bàbá ẹ̀ lọ, pé ọ̀la ló ń bọ̀. Kí ló mọ̀? Ọmọdé ò moògùn, ó ń pè é lẹ́fọ̀ọ́." Gbogbo wọn mirí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, ó ṣì ń dùn mí.

Ìdajì òwe ni màmá yẹn pa. Odindi rẹ̀ ni pé: "Ọmọdé ò moògùn, ó ń pè é lẹ́fọ̀ọ́, kò mọ̀ pé ikú tó pa bàbá òun ni." Ọmọ rí ewé lóko, ó rò pé ọbẹ̀ ni wọ́n ń fi í sè. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ ta ni ìbá parí òwe yìí nílé sójà tó wà lójú ogun?

Ohun tí ọmọ kò mọ̀ ni òwe náà sọ. Kò ní ká fi í sílẹ̀ sínú àìmọ̀, kò sì fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti parọ́ fún un. Síbẹ̀ irọ́ la ń fi í tì lẹ́yìn lójoojúmọ́. Bàbá á dìde lóru, á gbé báàgì rẹ̀, á yọ́ jáde kí ọmọ má bàa sunkún. Ọmọ tó sùn ti bàbá, tó jí tí kò bá a mọ́, oorun fúnra rẹ̀ á di ohun ẹ̀rù fún un. Bí ìyá bá ní òun fẹ́ dé ọjà, á dì mọ́ ọn láṣọ. Òmíràn tó ti ṣíwọ́ àtọ̀ọ́lé á tún bẹ̀rẹ̀. Àwa á ní ó ti bàjẹ́, pé ìyá rẹ̀ ló kẹ́ ẹ jù. "Ọ̀la" tá a sọ fún un kò dé, èyí tó tẹ̀ lé e náà kò dé, ọmọ náà á sì mọ̀ pé a kì í sọ òótọ́ fún òun.

Ọmọ báráàkì kì í sì í ṣe ọmọ tí kò gbọ́ nǹkan kan. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2018, nígbà tí àwọn agbésùnmọ̀mí kọlu ibùdó àwọn sójà wa ní Metele ní Borno, orí fóònù ni ìròyìn náà ti ń lọ láti ilé dé ilé. Ọmọ tó wà lórí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ lásìkò yẹn gbọ́ igbe. Ó rí i pé ìyá òun kò jẹun. Irọ́ pé "bàbá rìnrìn àjò" yìí kan náà la sì ń pa fún ọmọ tí bàbá rẹ̀ ti kú. Bí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní yàrá kejì bá ní bàbá tó rìnrìn àjò tí kò padà, báwo lẹ ṣe fẹ́ kí ọkàn tirẹ̀ balẹ̀?

Kì í ṣe pé kí a ka ìròyìn ogun sétí ọmọ kékeré. A kò gbọ́dọ̀ sọ orúkọ ibùdó tí bàbá wà fún un, torí á sọ ọ́ síta. Àwa àgbà pàápàá kò gbọ́dọ̀ gbé e sórí Facebook. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi nǹkan pa mọ́ kò ní láti parọ́.

Yàtọ̀ sí òótọ́, ọmọ nílò ohùn bàbá rẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun wa lọ sí Liberia lábẹ́ ECOMOG, ẹgbẹ́ ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ní 1990, fóònù alágbèéká kò tíì dé; 2001 ni GSM wọlé. Lẹ́tà ni, tàbí ẹni tó ń bọ̀ wálé. Lónìí, fóònù wà lọ́wọ́ gbogbo wa, àmọ́ kò ṣeé gbára lé lójú ogun. Ní 2013, nígbà tí ìjọba kéde ìlú ò fararọ ní Borno, Yobe àti Adamawa, wọ́n gé fóònù níbẹ̀ fún oṣù bíi mélòó kan. Nítorí náà, kí bàbá tó lọ ló yẹ kó ti gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, láti 1989 ni ẹgbẹ́ United Through Reading ti ń gba àwòrán àti ohùn àwọn sójà sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń kàwé fún ọmọ wọn. Àwa ní oríkì. Kí bàbá ki ọmọ rẹ̀ sínú fóònù, kó pa àlọ́ ìjàpá kan tàbí méjì, kó dá orin àlọ́ náà. Kí ìyá máa tan oríkì fún ọmọ láàárọ̀, kó tan àlọ́ lálẹ́. Kí ẹ lẹ fọ́tò bàbá sí ibi tí ọwọ́ ọmọ tó, kì í ṣe òkè ògiri tí àlejò nìkan ń wò. Bí fóònù bá sì wọlé, tí ọmọ sọ gbólóhùn kan ṣoṣo tó sá lọ ṣeré, ẹ má fà á padà. Ohùn tó gbọ́ yẹn tó o.

Èyí tó burú jù ni kí a máa sọ fún ọmọkùnrin kékeré pé "ìwọ ni baálé báyìí, má sunkún mọ́." Ẹrù àgbà nìyẹn. Bí bàbá bá sì dé lẹ́yìn ọdún kan, tí ọmọ sá sẹ́yìn ìyá rẹ̀, ẹ má nà án pé kó dọ̀bálẹ̀. Kí bàbá jókòó jẹ́ẹ́ nílẹ̀. Ọmọ á sún mọ́ ọn nígbà tó bá yá.

Mo wá ń bá òwe náà fúnra rẹ̀ jà. Ọmọ ló dá lẹ́bi. Àgbà tó mọ ewé náà, tó mọ ohun tó fi bàbá ọmọ ṣe, níbo ló wà? Ó dákẹ́ títí ọmọ fi já ewé náà, ó wá fi ọmọ pa òwe. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwa àgbà ṣe ń dákẹ́ fún àwọn ọmọ báráàkì. Ní Èkó, orúkọ báráàkì Dodan, Arakan àti Myohaung wá láti Burma, níbi tí àwọn baba wa ti ja Ogun Àgbáyé Kejì láàárín 1943 sí 1945. Mélòó nínú àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ la ti sọ fún pé orúkọ ojú ogun ni wọ́n ń pè?

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kọ́ àwọn ìyàwó sójà ní irọ́ mọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ fún ọmọ pé: "Iṣẹ́ sójà ni bàbá rẹ lọ ṣe. Ibẹ̀ jìnnà. Mi ò tíì mọ ọjọ́ tó máa dé. Kì í ṣe nítorí ohun tó o ṣe ló fi lọ, ó sì ń rántí rẹ." Ọmọ ọdún mẹ́rin lè gbọ́ gbogbo ìyẹn yé.