Ẹṣin Kọ́ Ló Pa Superman

Àwa tí a wo sinimá láyé àtijọ́ mọ Christopher Reeve. Òun ló ṣe Superman nínú fíìmù tó jáde lọ́dún 1978, ọkùnrin gíga, abarapá, tó ń fò lófuurufú. Egbò ni ìdí ikú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ń tọ́jú aláìsàn tí kò lè dìde nílé ni mo ń bá sọ̀rọ̀ jù.

Lọ́jọ́ 27 oṣù Karùn-ún ọdún 1995, Reeve lọ síbi ìdíje ẹṣin gígùn ní Culpeper, ní ìpínlẹ̀ Virginia, l'Amẹ́ríkà. Ó dé àṣíborí. Ẹṣin náà sáré dé ibi ìdènà kẹta tó yẹ kó fò, ó kọ̀, ó dúró gbagidi. Reeve ré kọjá lórí rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ há sínú ìjánu, ó sì forí gúnlẹ̀. Eegun ọrùn kìíní àti ìkejì fọ́, okùn iṣan tó gba inú wọn kọjá sì fara gbọgbẹ́.

Okùn yìí ni ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ sí ara, òun náà ni ara fi ń jíṣẹ́ padà. Ibi tó bá ti bàjẹ́, ìsàlẹ̀ ibẹ̀ ni kì í gbọ́ràn mọ́. Nígbà tí Yínká Ayéfẹ́lẹ́, olórin, ní ìjàǹbá ọkọ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 1997, ẹsẹ̀ ló kọ iṣẹ́. Ọwọ́ àti ohùn ṣẹ́ kù, ó sì fi wọ́n ṣe àwo Bitter Experience. Ti Reeve ga ju ibi tí iṣan tó ń mú wa mí ti ń yà lọ. Kò lè mí mọ́. Bí kì í bá ṣe pé àwọn òṣìṣẹ́ ìṣègùn tètè dé, tí wọ́n fún un ní atẹ́gùn, orí pápá ni ì bá kú sí.

Mo rántí ọ̀nà márosẹ̀ tiwa ní Nàìjíríà. Àánú ló ń mú àwọn èèyàn sáré síbi ìjàǹbá: ẹnìkan á di apá mú, ẹnìkan á di ẹsẹ̀ mú, wọ́n á ká ẹni ẹlẹ́ni sẹ́yìn mọ́tò. Eegun tó kàn sán lásán lè gé okùn náà níbi tí wọ́n ti ń fà á. Ẹ jọ̀ọ́, bí kò bá sí iná tó ń jó, tí ẹni náà sì ń mí, ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Kí ẹnìkan fi ọwọ́ méjèèjì di orí rẹ̀ mú kó má baà yí, kí ẹlòmíràn pe àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sórí 122.

Reeve lo ọdún mẹ́sàn-án sí i. Ẹ̀rọ ń bá a mí, ó sì ń sọ̀rọ̀, ó ń kọ ìwé, ó darí fíìmù. Dana ìyàwó rẹ̀ kò fi í sílẹ̀, àwọn nọ́ọ̀sì sì ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn tọ̀sán-tòru. Síbẹ̀, ara tí kì í sọ ìrora rẹ̀ bó ṣe yẹ léwu púpọ̀. Àpò ìtọ̀ lè kún, kí olúwa rẹ̀ má mọ̀, kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ru lójijì débi tó lè pa á. Bí èmi tàbí ẹ̀yin bá jókòó pẹ́, ìdí á máa ro wá, a ó sún. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lára kò ní sún. Eegun á tẹ awọ mọ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀jẹ̀ kò ní dé ibẹ̀, ẹran á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà. Irú egbò bẹ́ẹ̀ lára Reeve ló kó kòkòrò àrùn ní oṣù Kẹwàá ọdún 2004. Wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí ọkàn Reeve dáṣẹ́ sílẹ̀. Ó kú lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ 10. Ẹni ọdún 52 ni.

Bí olówó tó ní nọ́ọ̀sì bá lè bá a lọ báyìí, ìyá tó ń dá nìkan tọ́jú ọmọ rẹ̀ ní yàrá kan ńkọ́? Ẹ máa yí aláìsàn náà ní wákàtí méjì-méjì, àti lóru pẹ̀lú. Bó bá wà lórí àga oníkẹ̀kẹ́, ẹ máa gbé ìdí rẹ̀ kúrò lórí ìjókòó lóòrèkóòrè. Ní àràárọ̀, ẹ tan iná wo ìdí, ìbàdí àti gìgísẹ̀ rẹ̀. Awọ dúdú kì í sábà pọ́n kí egbò tó yọ. Ẹ fọwọ́ kàn án bóyá ó gbóná tàbí ó le ju ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ má fi òróró ra ibẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kó fi ibẹ̀ sùn mọ́. Bí awọ bá ti bó, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí ojú egbò lè kéré lókè kí inú rẹ̀ sì ti dé eegun.