Ta Ni Ó Ni Àkọsílẹ̀ Àlọ àti Àbọ̀ Wa?

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá ní oṣù yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìwà ni. Ó kan gbogbo ilé tí ó ní ọkọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó kan àwọn tí ń fi ọkọ̀ wá oúnjẹ òòjọ́ wọn ní ìlú London yìí. Ó sì kan tọkọtaya tí wọ́n jọ ń wa ọkọ̀ kan ṣoṣo. Ìbéèrè náà nìyí: nígbà tí ọkọ̀ bá ń kọ ìtàn ìrìn wa sílẹ̀, ta ni ó ni ìtàn náà?

Láyé àtijọ́, ọkọ̀ kì í ròyìn ẹni fún ẹnikẹ́ni. Bí ó bá ń ṣe wọ́nwọ́n, mẹkáníìkì á ṣí iwájú rẹ̀, á tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì, á sì mọ ibi tí ó ti ń dùn ún. Ọkọ̀ òde òní kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Kọ̀ǹpútà pọ̀ nínú rẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn sì ní ohun kan tí ó dà bí fóònù nínú, tí ń bá ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe ọkọ̀ náà sọ̀rọ̀ bí a ti ń lọ lójú ọ̀nà. Ó lè kọ iye máìlì tí a rìn, wákàtí tí a jáde, bí a ṣe sáré tó, ìgbà tí a tẹ bíréèkì lójijì, àti ibi tí ọkọ̀ sùn ní òru. A kò wá bú ẹ̀rọ o. Láti ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún 2018 ni òfin ilẹ̀ Yúróòpù ti sọ pé irú ọkọ̀ tuntun tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ tí yóò fúnra rẹ̀ pe àwọn òṣìṣẹ́ pàjáwìrì bí jàǹbá ńlá bá ṣẹlẹ̀. Àwa tí a ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn mọ ohun tí ìṣẹ́jú mẹ́wàá jẹ́ fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀. Ẹ̀rọ tí ń gba ẹ̀mí là, a kò ní í ṣe ọ̀tá rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí ó lè pe ẹni tí yóò gbà wá là lè pe ẹlòmíràn pẹ̀lú. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, àjọ Mozilla Foundation yẹ ìlànà orúkọ ọkọ̀ 25 wò, láti mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú àṣírí àwọn oníbàárà wọn. Kò sí ọ̀kan ṣoṣo tí ó yege.

Àwa nọ́ọ̀sì ti bá irú ìbéèrè yìí pàdé rí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí, ó pẹ́ tí fáìlì aláìsàn fi jẹ́ ohun tí dókítà àti nọ́ọ̀sì nìkan ń kà. Wọ́n á kọ ohun gbogbo nípa ara ènìyàn, síbẹ̀ ẹni tí ó ni ara kò ní ẹ̀tọ́ lábẹ́ òfin láti wò ó. Òfin ọdún 1990, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá ọdún 1991, ni ó fún aláìsàn ní ẹ̀tọ́ láti ka ìwé tí a bá fi ọwọ́ kọ nípa rẹ̀ láti ìgbà náà lọ. Èrò tí ó wà lẹ́yìn òfin náà kò le. Ìwé jẹ́ ti ilé ìwòsàn, bírò jẹ́ ti ilé ìwòsàn, ìmọ̀ jẹ́ ti dókítà, ṣùgbọ́n ara tí wọ́n kọ nípa rẹ̀, ti aláìsàn ni. Nítorí náà ó yẹ kí ó lè rí i, kí ó lè tún un ṣe bí àṣìṣe bá wà níbẹ̀, kí ó sì lè gbé e lọ bá dókítà mìíràn.

Ohun tí a ń sọ nípa ọkọ̀ náà nìyẹn. Ilé-iṣẹ́ ni ó ṣe ẹ̀rọ tí ń kọ̀wé, ṣùgbọ́n ìgbésí ayé tí ó ń kọ, tiwa ni.

Bí a kò bá lè rí àkọsílẹ̀ wa, àwọn ẹlòmíràn yóò máa kà á lẹ́yìn wa. Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, ìwé ìròyìn New York Times tú irú àṣírí bẹ́ẹ̀ síta ní Amẹ́ríkà. Awakọ̀ kan rí i pé owó ìnṣọ́ránsì òun fi ìdá 21 nínú 100 lé sí i, bẹ́ẹ̀ ni kò fa jàǹbá kankan. Nígbà tí ó wádìí, ó gba ìwé tí ilé-iṣẹ́ LexisNexis ní nípa rẹ̀: ojú ewé 258. Ó lé ní 130 nínú wọn tí ó jẹ́ kìkì ìrìn ọkọ̀ rẹ̀ láàárín oṣù mẹ́fà. Ìrìn 640 ni, ti òun àti ti ìyàwó rẹ̀, pẹ̀lú wákàtí tí wọ́n gbéra, wákàtí tí wọ́n dé, àti gbogbo ìgbà tí wọ́n tẹ bíréèkì gidi. Ilé-iṣẹ́ General Motors tí ó ṣe ọkọ̀ náà ni ó fi wọ́n ránṣẹ́. Ní oṣù Kìíní ọdún 2025, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní FTC kéde àdéhùn kan tí yóò ká ilé-iṣẹ́ náà lọ́wọ́ kò fún ọdún márùn-ún, pé kò gbọdọ̀ fún irú àwọn tí ń kó ìwé jọ bẹ́ẹ̀ ní àkọsílẹ̀ ibi tí awakọ̀ lọ àti bí ó ṣe wa ọkọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ronú sí i. Bíréèkì òjijì wà nínú ìwé. Ọmọdé tí ó sá bọ́ sójú títì kò sí nínú rẹ̀. Ọkọ̀ jáde ní aago méjì òru. Ìyá tí ń lọ síbi iṣẹ́ òru kò sí nínú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì tí ó bá ka ìwọ̀n ooru ara aláìsàn tí kò sì bi í pé kí ló ń ṣe é, kò tíì mọ àìsàn rẹ̀. Ẹni tí kò rí ohun tí wọ́n kọ nípa rẹ̀, báwo ni yóò ṣe wí tẹnu rẹ̀?

Àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ ní àwíjàre tiwọn, ó sì tọ́ kí a gbọ́ ọ. Wọ́n ní bí a bá ṣí ilẹ̀kùn yìí fún gbogbo ènìyàn, olè àti ẹni ibi yóò bá ibẹ̀ wọlé. Kì í ṣe irọ́ ni wọ́n ń pa. Ní ọdún 2015, àwọn onímọ̀ méjì jókòó sílé wọn, wọ́n sì ti ibẹ̀ gba àṣẹ lórí ọkọ̀ Jeep kan tí ó wà lójú ọ̀nà. Ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é ní láti pe ọkọ̀ bíi mílíọ̀nù kan àti ọ̀kẹ́ lọ́nà ogún padà fún àtúnṣe. Àmọ́ ní wọ́ọ̀dù, a máa ń ti kọ́bọ́ọ̀dù oògùn pa. Kò sí ẹni tí ó jẹ́ sọ pé nítorí pé kọ́kọ́rọ́ wà lára rẹ̀, aláìsàn kò gbọdọ̀ mọ oògùn tí a ń fún òun. Ìlẹ̀kùn tí a tì nítorí olè, a kì í tì í mọ́ onílé. Bí ilé-iṣẹ́ bá tún sọ pé àwọn ló ṣe ọkọ̀, àwọn ló ni gbogbo ohun tí ó bá ti inú rẹ̀ jáde, òwe àwọn baba wa ni wọ́n ń pa láìmọ̀, pé ẹni tó lẹ́rú ló lẹ́rù. Ṣùgbọ́n àwa tí a ń wa ọkọ̀ kì í ṣe ẹrú.

Ibi tí òfin dé dúró nìyí. Ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà, àwọn ará ìlú dìbò ní oṣù Kọkànlá ọdún 2020. Nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin wọn fọwọ́ sí i pé ẹni tí ó ni ọkọ̀ gbọ́dọ̀ lè rí ohun tí ọkọ̀ náà ń fi ránṣẹ́ tí ó kan àtúnṣe, kí ó sì lè fi í lé mẹkáníìkì tí ó bá wù ú lọ́wọ́. Ẹgbẹ́ àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ gbé e lọ sí ilé ẹjọ́. Ọdún 2025 ni adájọ́ tó da ẹjọ́ náà nù. Ní Yúróòpù, òfin tí wọ́n pè ní Data Act bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025. Àwọn ará wa tí ó wà ní Jámánì, Ítálì àti Ireland lè béèrè dátà ọkọ̀ wọn láìsanwó, wọ́n sì lè ní kí wọ́n fi í ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn tí àwọn yàn. Òfin yẹn kò dé ọ̀dọ̀ wa ní Britain. Síbẹ̀ ọwọ́ wa kò ṣófo, nítorí òfin ààbò dátà ilẹ̀ yìí fún wa ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ohun tí ilé-iṣẹ́ yòówù ní nípa wa. Wọ́n gbọ́dọ̀ dá wa lóhùn láàárín oṣù kan, àyàfi bí ọ̀rọ̀ náà bá díjú, wọn kò sì gbọdọ̀ gba owó lọ́wọ́ wa lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan ìwà tiwa gan-an ni a dé yìí. Nínú ọ̀pọ̀ ilé wa, orúkọ baálé ni ó wà lórí ìwé ọkọ̀ àti lórí áàpù ọkọ̀, ṣùgbọ́n ìyàwó ni ó ń wà á lọ síbi iṣẹ́. Baálé jókòó sílé, ó tẹ fóònù, ó rí ibi tí ọkọ̀ dúró sí àti ìgbà tí ó kúrò níbẹ̀. Bí wọ́n bá bi í léèrè, á ní, “Èmi ni mo ra ọkọ̀.” Ẹ̀yin ará, ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa. Ọ̀kan náà ni pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ilé-iṣẹ́ tí ó ń wí pé, “Àwa ni a ṣe ọkọ̀.” A kò lè máa fi ọwọ́ kan gba ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́, kí a sì máa fi ọwọ́ kejì gbà á lọ́wọ́ ìyàwó ilé. Bí àkọsílẹ̀ ìrìn bá jẹ́ ti ẹni tí ó rìn ín, ó jẹ́ tirẹ̀ lójú ilé-iṣẹ́, ó sì jẹ́ tirẹ̀ lójú ọkọ rẹ̀ pẹ̀lú. Bákan náà ni fún ìyàwó tí ń fi áàpù ṣọ́ ọkọ rẹ̀.

Ẹlòmíràn á ní ọkọ àti ìyàwó kò gbọdọ̀ ní àṣírí sí ara wọn. Bóyá ni. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá sọ fún ara wa àti ohun tí a bá yọ́ wò kì í ṣe ohun kan náà. Bí tọkọtaya bá jọ fẹnu kò pé kí ọkọ lè mọ ibi tí ìyàwó dé bí ó bá ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ lóru, ìfẹ́ ni. Ìbéèrè mẹ́ta ni yóò fi ìyàtọ̀ hàn: Ṣé ó mọ̀? Ṣé ó gbà? Ṣé ó lè pa á bí kò bá fẹ́ mọ́? Ohun tí a ń bi aláìsàn kí a tó gún un lábẹ́rẹ́ kò jìnnà sí èyí. Àwọn obìnrin kan wà tí wọ́n sá kúrò nílé nítorí lílù, tí ọkọ̀ tí wọ́n fi sá sì ń sọ ibi tí wọ́n wà fún ẹni tí wọ́n sá fún. Nítorí irú wọn ni ìpínlẹ̀ California ṣe ṣòfin ní ọdún 2024 pé àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè já okùn náà.

Ọ̀rọ̀ kan náà ni fún àwọn ọmọ wa tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gba láísẹ́ńsì. Owó ìnṣọ́ránsì ọ̀dọ́ wọ́n púpọ̀, ọ̀pọ̀ òbí sì ti gba black box kí owó náà lè dín kù. Kò burú. Òbí tí ń sanwó lẹ́tọ̀ọ́ láti là á kalẹ̀ fún ọmọ pé báyìí ni a ó ṣe é. Ṣùgbọ́n kí a sọ fún un kí ó tó jókòó sídìí ọkọ̀, kí òun náà lè rí ohun tí a ń rí, kí a sì fi kọ́ ọ bí a ti ń wakọ̀, kí a má fi wá ẹ̀sùn sí i lẹ́sẹ̀.

Ẹ̀tọ́ láti fi dátà wa fún ẹlòmíràn náà ní ààlà tirẹ̀. Nọ́ńbà fóònù àwọn ọ̀rẹ́ wa lè wà nínú ọkọ̀ wa. Àdírẹ́sì àwọn àgbà tí a ń gbé wá sí ilé ìsìn lè wà níbẹ̀, àti ilé aláìsàn tí a bẹ̀ wò. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá fẹ́ fi owó táṣẹ́rẹ́ ra gbogbo rẹ̀, a kò ni gbogbo rẹ̀. Àwọn àgbà ní bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n.

Kí a tó ta ọkọ̀ tàbí kí a tó dá ọkọ̀ tí a háyà padà, ẹ jẹ́ kí a pa orúkọ, àdírẹ́sì àti nọ́ńbà rẹ́ kúrò nínú rẹ̀, kí a sì yọ áàpù wa kúrò lára rẹ̀. Bí a bá ra àlòkù, kí a rí i dájú pé ẹni tí ó lò ó ṣáájú kò sí lórí rẹ̀ mọ́. Bí owó ìnṣọ́ránsì bá fò sókè láìnídìí, kí a kọ̀wé béèrè ohun tí wọ́n rí kà nípa wa. Bí wọ́n bá kọ̀, kí a fi ẹjọ́ sùn ní ọ́fíìsì tí ìjọba yàn fún ọ̀rọ̀ dátà. Àwọn ọ̀dọ́ wa tí ó mọ kọ̀ǹpútà lè bá àwọn àgbà kọ ọ́ lẹ́yìn ìsìn.

Lẹ́yìn náà, kí a padà sílé, kí a bi ẹni tí a jọ ń wa ọkọ̀ náà pé, “Ṣé o mọ̀ pé mo lè rí ibi tí o wà? Ṣé o fẹ́ bẹ́ẹ̀?” Ohun tí ó bá fi dáhùn ni kí a ṣe. Olúwa yóò wà pẹ̀lú wa lójú ọ̀nà gbogbo. Àmín.