Igi Ni Kí Arìnrìn-àjò Wá



A kí yín kú àsìkò máńgòrò. Láti Ìsẹ́yìn títí dé Ṣakí, kò sí ẹni tí kò mọ bí igi yìí ti ń so nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá dé. Bí ọmọ bá sì ń padà sí àjò, ìyá rẹ̀ a di apẹ̀rẹ̀ kan fún un. Ìfẹ́ ni, ó sì dára. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mélòó ni apẹ̀rẹ̀ náà yóò lò? Láìpẹ́, èyí tí ó wà nísàlẹ̀ yóò rà, yóò sì ba ìyókù jẹ́. Kì í ṣe pé èso náà kò dára. Ó ti kúrò lára igi ni.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ìgbàgbọ́ ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ wa tí ó wà ní òkè òkun. Orin tí wọ́n kọ́ ní kékeré àti àdúrà ìyá wọn ni wọ́n dì lọ. Wọ́n dé ibẹ̀, wọn kò wá ìjọ, wọn kò ṣí Bíbélì. Nígbà tí ìpọ́njú dé, wọ́n na ọwọ́ sínú apẹ̀rẹ̀, wọ́n sì bá ohun tí ó ti bàjẹ́. Mánà tí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì fi pamọ́ di ọjọ́ kejì kò ha rùn bí? Àwa tí a ń kọ̀wé yìí pàápàá kò yọ ara wa sílẹ̀; àwa náà ti wà ní àjò rí, tí a ń fi ìwàásù àtijọ́ bọ́ ọkàn wa, títí ebi fi pa wá.

Ẹnìkan lè wí pé, ilé ni igi tí òun mọ̀ wà. Ará, níbo ni máńgòrò ti wá? Láti ìhà Íńdíà ni irú rẹ̀ ti wá, síbẹ̀ ó ta gbòǹgbò nínú ilẹ̀ ọ̀dàn wa, a sì ń jókòó lábẹ́ òjìji rẹ̀ bí ẹni pé àwọn baba ńlá wa ni ó ni ín. Èso kì í pẹ́ lájò, ṣùgbọ́n igi a máa hù ní ìhà kejì òkun.

Ẹ wo Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣogùn ní Òkè-Ògùn tiwa yìí. Ní ọdún 1821 a kó o lẹ́rú. Kò sí ẹni tí ó ráyè di apẹ̀rẹ̀ fún un. Lọ́wọ́ òfo ni ó dé Sàró ní ọdún 1822. Níbẹ̀, ní ilẹ̀ àjèjì, ni ó ti bá Igi náà pàdé, a sì ṣe ìrìbọmi fún un ní ọdún 1825. Bíbélì Yorùbá tí a ń kà wà lára èso tí ó so.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, nígbà tí ẹ bá ń bá àwọn ọmọ yín sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀rọ, ẹ má ṣe bi wọ́n léèrè oúnjẹ nìkan; ẹ bi wọ́n pé, ìjọ wo ni wọ́n ń lọ? Ẹ̀yin tí ẹ wà lájò, bí ẹ ti ń béèrè ọ̀nà ọjà, ẹ béèrè ọ̀nà ilé Ọlọ́run pẹ̀lú. Ẹ ka Jòhánù orí 15, kí ẹ sì wo bí Olúwa ti fi ara Rẹ̀ wé àjàrà. Ẹ̀ka tí ó bá dúró lára Rẹ̀ yóò so èso, ìbáà ṣe ní Ṣakí, ìbáà ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù.

Kí Olúwa pa wá mọ́ nínú ara Rẹ̀, nílé àti lájò. Àmín.