Ṣé Ìfẹ́ Fi Dandan Lé e Kí A Dúró fún Gbèsè Ará Ilé?

Ìwọ tí o ń múra de Ìrìbọmi, bí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ ní Ifangni bá fẹ́ yá owó ra ọkọ̀ tí yóò máa fi kó èrò láti Ìgólò dé Àjàṣẹ́, tí ó ní kí o ṣe onígbọ̀wọ́ òun, ǹjẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ni bí o bá kọ̀?

Kọ́kọ́ mọ ohun tí ìwọ yóò tọwọ́ bọ̀. Òfin OHADA, tí a tún ṣe ní ọdún 2010, tí a sì ń tẹ̀ lé ní Bẹ̀nẹ̀, ní kí onígbọ̀wọ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ iye owó náà, ní ọ̀rọ̀ àti ní nọ́ńbà. Bí onígbèsè kò bá san án lẹ́yìn ìkìlọ̀, a lè béèrè gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ onígbọ̀wọ́. Ọkọ̀ lè bàjẹ́. Gbèsè kì í bàjẹ́.

Ìwé Sírákì, orí 29, yin ẹni rere tí ó dúró fún aládùúgbò rẹ̀. Ó sì rántí àwọn tí ìdúró bẹ́ẹ̀ lé kúrò nílé. Ìwọ̀n agbára ẹni ni ó fi parí ọ̀rọ̀ náà.

Nítorí náà, bi ara rẹ pé: bí gbèsè yìí bá di tèmi lọ́la, ṣé mo lè san án láìfi ebi pa àwọn ọmọ mi, láìsì kórìíra ọmọ ẹ̀gbọ́n mi? Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kíkọ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ìlérí tí o mọ̀ pé o kò lè mú ṣẹ ni irọ́. Sọ òtítọ́ fún un pẹ̀lú sùúrù, kí o sì fi ìwọ̀n tí o ní ràn án lọ́wọ́.

Lẹ́tà sí àwọn Hébérù pe Jésù ní onígbọ̀wọ́. Ó mọ iye gbèsè wa kí ó tó dúró fún wa, ó sì san án tán.