Omíyalé: Ẹ̀bi Ta Ni?

Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ, ọdún 1980, odò Ògùnpa kún àkúnya ní ìlú Ìbàdàn. Ẹ̀mí tí ó lé ní 200 ni ó ṣòfò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ní àmúwá Ọlọ́run ni. Òótọ́ ni pé òjò ńlá rọ̀, ṣùgbọ́n pàǹtírí ti dí ojú odò, ilé sì ti gba ààyè tí ó yẹ kí omi gbà kọjá. Òjò kọ́ ni ó da pàǹtírí sódò.

Ta wá ni kí á dá lẹ́bi? Bí a bá mú ẹnì kan nínú àwọn tí ó da pàǹtírí sódò, yóò ní: "Apẹ̀rẹ̀ kan péré ni tèmi. Bí n kò bá tilẹ̀ dà á, odò ìbá kún náà ni." Kò purọ́. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí kò yọ ọ́ nínú ẹ̀bi, nítorí gbogbo ará àdúgbò ni ó lè sọ bẹ́ẹ̀, odò yóò sì dí. Àwọn àgbà ní àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Bí a bá ń pín nínú ìyìn ohun tí a jọ ṣe, kí ni kò ní jẹ́ kí á pín nínú ẹ̀bi ohun tí a jọ bà jẹ́?

Bí ti odò ti rí ni ti òfúrufú. Èédú, epo àti gáàsì tí ènìyàn ń sun ni ó ń mú ayé gbóná. Bí afẹ́fẹ́ bá fi ìwọ̀n 1 gbóná sí i lórí òṣùwọ̀n Celsius, omi tí ó lè gbà dúró yóò fi nǹkan bí 7 nínú 100 pọ̀ sí i. Ìdí nìyí tí òjò ńlá fi ń le sí i. Níbẹ̀ náà, ẹni tí ó ní ẹ̀rọ amúnáwá kan yóò ní èéfín tòun kò tó nǹkan.

Mo gbà pé ẹ̀bi kò dọ́gba. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó kọ́kọ́ fi èédú bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ẹ̀rọ ńlá, ru ẹrù tí ó wúwo ju tiwa lọ. Ìjọba tí kò ṣètò ààtàn fún àdúgbò jẹ̀bi ju ìyá arúgbó tí kò rí ibòmíràn da pàǹtírí sí. Ṣùgbọ́n ẹrù tí ó fúyẹ́, ẹrù náà ni.

Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ, ọdún 2011, omi tún ya wọ Ìbàdàn, ẹ̀mí tí ó lé ní 100 sì lọ. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, bí a bá dé iwájú kíláàsì, ẹ jẹ́ kí á kọ́ ọmọ pé kí ó tó da pàǹtírí sí gọ́tà, kí ó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ léèrè pé: bí gbogbo wa bá ṣe báyìí ńkọ́?