Ojú Àpá Kò Jọ Ojú Ara

(Nínú gáréèjì ilé kan n'Íbàdàn, níbi tí bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ẹ̀rọ ti ń sọ ògbólógbòó irinṣẹ́ dọ̀tun. Fáìsì Record kan, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń di irin mú, irú èyí tí wọ́n ṣe ní Sheffield nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló wà lórí tábìlì. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní yunifásítì, ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.)

ÀBẸ̀KẸ́: Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì kun ọ̀dà yẹn. Ibi tó sán lábẹ́ ẹnu fáìsì yìí, ṣé ẹni tó ń bọ̀ wá rà á lọ́la mọ̀ nípa rẹ̀?

BÀBÁ: Kò sán mọ́, Àbẹ̀kẹ́. Ìgbà tí mo rà á ní Òwódé Onírin ló sán. Mo lu ihò kékeré sí ìparí ibẹ̀ kó má baà tún là síwájú, mo fá ojú rẹ̀ dé inú, mo fi iná yan gbogbo rẹ̀, mo wá fi idẹ jó o pọ̀. Idẹ ń yọ́ ní nǹkan bí ìwọ̀n 900 lórí Sẹ́lísíọ̀sì. Irin kásìtì tí wọ́n fi ṣe fáìsì náà kò ní yọ́ àfi tí iná bá kọjá 1,100. Nígbà tí mo jó o tán, mo rì í mọ́ inú eérú kó rọra tutù, nítorí bí kásìtì bá tutù lójijì, yóò tún là. Iṣẹ́ tó yè kooro ni. Kí ló wá kù tí mo fẹ́ sọ fún un?

ÀBẸ̀KẸ́: Mi ò bá iṣẹ́ yín jà, ọ̀dọ̀ yín ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń jórin. Àmọ́ pọ́tì lẹ fẹ́ fi dí ojú rẹ̀ kí ẹ tó kun ọ̀dà búlúù lé e. Ọ̀dà ń gba irin lọ́wọ́ ìpẹtà. Pọ́tì ńkọ́, kí ló ń gbà là?

BÀBÁ: Owó mi ló ń gbà là. Má wò mí bẹ́ẹ̀, gbọ́ àlàyé mi. Bí mo bá ti lè sọ pé ó sán rí, etí oníbàárà kò ní gbọ́ ìyókù. Kò ní bi mí bí mo ṣe jó o; ìdajì owó ni yóò dá lé e. Bẹ́ẹ̀ fáìsì ẹlòmíì tí wọ́n ti fi òòlù lù fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí ẹnikẹ́ni kò sì yẹ̀ wò rí, yóò san gbogbo owó rẹ̀ láìjiyàn. Ẹni tó ṣe àtúnṣe pàdánù, ẹni tí kò fọwọ́ kan nǹkan jèrè. Ṣé òdodo nìyẹn?

ÀBẸ̀KẸ́: Kì í ṣe òdodo, Bàbá. Àmọ́ ojora tó ń mú oníbàárà kò ní ká fi ohun tó yẹ kó mọ̀ pamọ́ fún un. Kí ló fẹ́ fi fáìsì náà ṣe?

BÀBÁ: Ọmọ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fúrídọ́ọ̀mù níṣẹ́ ajórinmọ́rin ni. Yóò máa fi di irin mú, yóò sì máa fi òòlù tẹ̀ ẹ́.

ÀBẸ̀KẸ́: Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn. Irin tí wọ́n fi ń ṣe géètì máa ń tẹ̀ kó tó ṣẹ́, ojú á rí i. Kásìtì kì í kìlọ̀. Èédú inú rẹ̀ máa ń tó ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó fọ́n wẹ́wẹ́ sáàárín irin náà, ojú ibẹ̀ ló sì ti ń là. Bí ọmọ yẹn bá mọ ibi tí àpá wà, kò ní máa lu ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀. Yóò wá ibòmíràn tẹ irin tó bá nípọn. Bí kò bá mọ̀, báwo ni yóò ṣe ṣọ́ra?

BÀBÁ: Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Ṣùgbọ́n ta ni kò mọ̀ pé tòkunbọ̀ lòun ń rà? Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Kó yẹ̀ ẹ́ wò kó tó sanwó.

ÀBẸ̀KẸ́: Ẹni tí a ní kó fojú ṣọ́ra, a kì í tún dí i lójú. Òfin ààbò oníbàárà ọdún 2018 ti ìjọba àpapọ̀ pàápàá ní kí ẹni tó ń ta àlòkù tàbí ọjà àtúnṣe jẹ́ kó hàn kedere.

BÀBÁ: Mo lè kọ “àlòkù” gàdàgbà sí i lára kí n sì tún bo ibi tó sán. Mo ti pa apá òfin yẹn mọ́, ọkàn mi kò sì ní balẹ̀. Ó dáa, ká ní mo gbà. Mo sọ fún ọmọ náà, ó gbà, ó sanwó. Ṣé ó tán?

ÀBẸ̀KẸ́: Ó tán. Ẹ ti sọ òótọ́.

BÀBÁ: Kò tán. Ìwọ náà kò tíì ro ibẹ̀ dé. Irú fáìsì yìí máa ń pẹ́ ju ẹni tó ni ín lọ. Ọmọ yẹn yóò tà á lọ́jọ́ kan, ẹni tó bá rà á yóò tún tà á. Ọ̀rọ̀ ẹnu mi kò ní bá irin lọ. Bí mo bá kú tán, ọ̀dà búlúù yìí yóò ṣì máa purọ́ fún ẹni tí kò mọ̀ mí rí. Ta ni yóò bá mi sọ fún onítọ̀hún?

ÀBẸ̀KẸ́: Mi ò rò ó débẹ̀. Á jẹ́ pé irin fúnra rẹ̀ ni kó sọ ọ́. Ẹ má fi pọ́tì sí i, ẹ má sì kun ojú ibẹ̀. Idẹ pọ́n, irin dúdú. Ẹnikẹ́ni tó bá wò ó yóò rí ìlà náà. Ẹ máa fi epo pa ibẹ̀ kó má baà dípẹtà, kí ẹ kun ìyókù.

BÀBÁ: Wọ́n á ní iṣẹ́ mi kò parí.

ÀBẸ̀KẸ́: Àwọn àgbà ló ní ojú àpá kò lè jọ ojú ara, wọn kò pe àpá ní ìtìjú. Ìlà idẹ tó kún dọ́gba, ajórinmọ́rin tó bá rí i yóò mọ̀ pé ọwọ́ ọ̀gá ló ṣe é. Bí ẹ bá fi pọ́tì bò ó, iṣẹ́ tiyín lẹ fi pamọ́, ẹ wá ń gba owó fáìsì tí kò sán rí.

BÀBÁ: Kí n wá gba èló?

ÀBẸ̀KẸ́: Ẹ dín in kù níwọ̀nba. Ẹ ṣàlàyé, ẹ jẹ́ kó fi di irin mú, kó lò ó lójú yín. Bí kò bá wù ú, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni kó lọ.

BÀBÁ: Ṣé gbogbo ohun tí a bá ti fi àléébù rẹ̀ hàn la wá lè tà? Wo òkúta ẹ̀rọ ìpọ́nrin yẹn. Mo fi igi kàn án, kò han gooro, ohùn rẹ̀ kú. Ó ti sán nínú.

ÀBẸ̀KẸ́: Ìyẹn kò ṣeé tà ní iyekíye. Irú ẹ̀rọ yẹn ń yí ní nǹkan bí ìgbà 2,850 láàárín ìṣẹ́jú kan. Bí òkúta bá fọ́ lórí eré, kì í mọ ẹni tó ra ẹ̀rọ. Oníbàárà lè fara rẹ̀ wewu, kò lè fi ti ọmọ iṣẹ́ tó dúró tì í wewu. Ẹ fọ́ ọ wẹ́wẹ́, kí ẹnikẹ́ni má baà rí i gbé ní ààtàn.

BÀBÁ: Mo gbà, ọmọ mi. Irin làwọn baba wa ń fẹnu kàn bí wọ́n bá fẹ́ búra, kò yẹ kó jẹ́ èmi ni yóò fi irin purọ́. Bá mi gbé pọ́tì yẹn kúrò. Ẹni tó ń tún irin ṣe, ohun tó yẹ kó wá ni pé kó tún wúlò, kí ẹni tó ń lò ó sì mọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ tó ń bọ̀ lọ́la, mo jẹ ẹ́ ní àlàyé. Àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, tí n kò ní mọ̀ láéláé, mo jẹ wọ́n ní àpá tó hàn.