Oore Tí A Kì Í Lóṣòó Tì

Òṣómàáló, oníṣòwò aṣọ Ìjẹ̀ṣà láyé àtijọ́, kò lẹ́bi. Ó gbé aṣọ fún oníbàárà láwìn. Bí ọjọ́ bá pé, ó lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, kò sì ní kúrò níbẹ̀ àfi bówó bá jáde. Òwò ni. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ kíndìnrín lèèyàn yọ fún ọ̀rẹ́ ńkọ́? Àwọn àgbà ti dáhùn: ẹni tó ṣoore tó lóṣòó tì í, bí ẹni tí kò ṣe é ni.

Oore ńlá ni. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì ti daṣẹ́ sílẹ̀ yóò máa lọ jókòó ti ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀, nǹkan bíi wákàtí 4 lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ bí owó bá wà. Rọ́bà kan á máa fa ẹ̀jẹ̀ jáde lápá rẹ̀, òmíràn á máa dá a padà. Ọ̀rọ̀ náà kò sì jìnnà sí ará Òṣogbo àti Iléṣà: ní 2002 ni wọ́n kọ́kọ́ pààrọ̀ kíndìnrín ní OAUTHC, Ilé-Ifẹ̀, ilé ìwòsàn tí Wesley Guild Iléṣà wà lábẹ́ rẹ̀.

Òtítọ́ ni irú oore yìí fi ń bẹ̀rẹ̀. Ní 2023, ilé ẹjọ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù ju Ike Ekweremadu, igbákejì olórí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà wa nígbà kan, sẹ́wọ̀n ọdún 9 àti oṣù 8. Wọ́n mú ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń tajà lójú pópó Èkó lọ síbẹ̀ láti yọ kíndìnrín fún ọmọ Ekweremadu obìnrin, wọ́n ní ẹbí ni ọ̀dọ́kùnrin náà àti ọmọ ọ̀hún. Àánú ọmọ kò sọ irọ́ dòótọ́. Òfin ìlera Nàìjíríà ti 2014 náà kò gbà kí ẹni tó yọ ẹ̀yà ara gba èrè, àfi owó tó ná sí i. Bẹ́ẹ̀, ọ̀rẹ́ tí ẹ̀rù bà, tó sì sọ pé òun kò lè ṣe é, ọmọlúàbí ṣì ni. Ẹni tó ń dẹ́rù "ṣebí ọ̀rẹ́ ni wá" pa á mọ́lẹ̀ gan-an ló ṣìwà hù.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ni ìdánwò dé. Kíndìnrín tó kù lára olóore yóò tóbi díẹ̀ sí i, yóò sì gba iṣẹ́ èkejì ṣe. Ọdún 1954 ni Ronald Herrick yọ tirẹ̀ fún Richard, ìbejì rẹ̀, ní Boston, Amẹ́ríkà. Richard lo ọdún 8 sí i. Ronald wà láyé di 2010. Síbẹ̀, ẹni tó yọ ọ́ gbọ́dọ̀ máa yẹ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ wò lọ́dọọdún, kò sì gbọdọ̀ máa gbé oògùn ara ríro àti àgbo mì bó ṣe wù ú.

Ẹnu ló le jù láti ṣọ́. Níbi ìgbéyàwó kan, ọkùnrin kan ń jó, ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbé ife sókè: "Ẹ wò ó, kíndìnrín mi ló ń jó yẹn!" Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín, oníjó lọ jókòó.

Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ọpẹ́ ẹni tó gba kíndìnrín ni pé kó máa lo oògùn rẹ̀ lójoojúmọ́, láìfo ọjọ́ kan, kí ara má baà kọ ohun tí ọ̀rẹ́ fún un. Ṣùgbọ́n kò di ẹrú. Bí olóore rẹ̀ bá wá yáwó lọ́la, tí ẹni tó gba kíndìnrín bá ní kò sí, kí olóore bínú bó ti wù ú, kó má ṣáà ti dárúkọ ilé ìwòsàn.